Àgádágodo Méjì Lẹ́nu Fìríìjì Kan

Ilé ìjọba kan wà ní ìpẹ̀kun ìlú wa, níhà gúúsù Jọ́dánì. Ọ́fíìsì ìlera ènìyàn wà lápá ọ̀tún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti ìlera ẹran wà lápá òsì, fìríìjì kan sì dúró sáàárín wọn bí ìyàwó tí ọkọ méjì ń jà lé lórí. Ìjọba ní kí wọ́n jọ máa ṣèwádìí ikọ́ tí ràkúnmí ń kó ran ènìyàn, ẹ̀yin ẹ sáà máa wò ó. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, Bàbá Dughaym, tó ń sin ràkúnmí, wọlé tọ Dókítà Munzir, ọ̀gá apá ènìyàn. Ọmọ ràkúnmí kan ń ké nínú ọkọ̀ bàbá níta, Wadha ìyá rẹ̀ sì ń dá a lóhùn láti inú ọgbà ìyàsọ́tọ̀ lẹ́yìn ilé.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Dughaym! Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n bu kọfí fún yín."

"Kú iṣẹ́, Dókítà. Wadha mi ńkọ́?"

"Wadha ń gbádùn, Bàbá. Koríko ìjọba ló ń jẹ."

"Ṣé koríko ló wá jẹ ni? Ẹ ní ọjọ́ kan lẹ fẹ́ fi dá a dúró. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá láyé. Mo fún un ní wàrà ewúrẹ́, ó kọ̀. Mo fún un ní ti inú agolo, ó tu ú sí mi lójú. Bí kò bá mu ọmú ìyá rẹ̀ lónìí, kò ní í jí lọ́la."

"Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìyá rẹ̀ títí a ó fi mọ̀ pé imú ìyá mọ́. A ti fi òwú gba nǹkan inú imú náà, ó wà nínú fìríìjì. Ẹ̀rọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí lórí tábìlì mi. Wákàtí kan péré ni."

"Wákàtí kan! Kí la wá ń dúró dè láti ọjọ́ Àìkú?"

Dókítà na ọrùn, ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀. Ayé ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, ìlera ènìyàn dá wà, ìlera ẹran dá wà. Ní báyìí, ọ̀kan ṣoṣo ni ìlera. Imú yín, imú Wadha, ọ̀kan náà ni."

Bàbá fọwọ́ kan imú rẹ̀. "Ṣé ìyẹn lẹ ṣe fi òwú kan náà ro imú àwa méjèèjì?"

"Òwú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni!"

"Ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ìlera bá jẹ́ ọ̀kan, kí ló dé tí àgádágodo fìríìjì fi jẹ́ méjì?"

"Àjọṣe nìyẹn! Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan wà lọ́wọ́ Dókítà Rihab lápá ẹran. Kò sẹ́ni tó lè dá a ṣí. Ìgbà mọ́kànlá ni ìgbìmọ̀ jókòó kí wọ́n tó fẹnu kò lé e lórí."

"Ṣé olè pọ̀ láàárín yín ni?"

"Rárá o! A fọkàn tán ara wa ni!"

"Ó dáa. Pè é, kó mú kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ wá. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni láti ibí dé yàrá rẹ̀, mo ti kà á."

"Mo ti kọ lẹ́tà sí i."

"Lẹ́tà? Sí ẹni tí mò ń gbọ́ tó ń sín yẹn?"

"Lẹ́tà náà ní láti kọ́kọ́ dé Amman. Wọ́n á lù ú lóǹtẹ̀, wọ́n á wá fi ránṣẹ́ sí i."

Ọmọ ràkúnmí tún figbe ta níta.

"Ṣé o gbọ́ yẹn? Òun náà ń kọ lẹ́tà tiẹ̀."

Bàbá Dughaym gba ife kọfí kékeré náà, ó wò ó, ó sì rọra gbé e kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀ láìfẹnu kàn án. Dókítà fò dìde.

"Bàbá! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi!"

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ gbé kọfí mi sílẹ̀! Ọmọ Amman ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí níbí. Bí ìlú yìí bá gbọ́ pé àgbà bíi tiyín mú ẹ̀bẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, mi ò gbọ́ ọ, tó sì jáde láìmu kọfí mi, ta ló máa tún kí mi?"

"Mi ò sọ̀rọ̀ o. Kọfí kàn wà nílẹ̀ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ún! Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́, mo ti ṣe é!"

"Ohunkóhun?"

"Ohunkóhun, Bàbá!"

Bàbá gbé kọfí náà mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ó káre. Ó yá, sọ òótọ́ fún mi. Kí ni ìwọ àti ọmọbìnrin yẹn ń jà sí?"

"A ò jà. Iṣẹ́ ìjọba kì í jà. Èrò wa ló kàn yàtọ̀ díẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ṣáájú ààwẹ̀."

"Lórí kí ni?"

Dókítà wo ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìwé ìwádìí tá a jọ kọ ni. Òkè òkun ló ń lọ. Orúkọ ta ni kó ṣíwájú? Mo ní tèmi, torí ènìyàn ló ń kú. Ó ní tòun, torí ràkúnmí ló ń wúkọ́."

"Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ti wúkọ́?"

"Kò sí."

"Ọmọ ràkúnmí mi wá ń kú lọ nítorí ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé?"

"Bàbá, ìlà àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun kékeré! Kò sẹ́ni tó ń rántí ẹnì kejì."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ojú ti Dókítà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to bébà tó ti tò tẹ́lẹ̀.

"Èmi náà ń jìyà, Bàbá. Oúnjẹ mi wà nínú ẹ̀."

"Nínú kí ni?"

"Nínú fìríìjì. Ìrẹsì mákùlúbà tí ìyàwó mi sè. Láti ọjọ́ Àìkú."

"Mi ò mọ̀wé púpọ̀. Kí ni wọ́n kọ sára fìríìjì yẹn?"

"'Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ síbí.'"

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni."

Bàbá dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀. "Jókòó síbẹ̀. Mo fẹ́ lọ kí aládùúgbò rẹ."

Ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Dókítà sá lọ lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ tí Dókítà Rihab ń kí bàbá káàbọ̀, ó gbọ́ tí kọfí ń dà sínú ife, ó gbọ́ tí gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni igbe obìnrin ta: "Bàbá! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi!"

Bàbá padà wọlé, ó ń nu irunmú rẹ̀.

"Kọfí tiẹ̀ dùn ju tìẹ lọ."

"Kí ló sọ?"

"Ohun tí ìwọ náà sọ. Ohunkóhun."

"Ó gbà kí orúkọ mi ṣíwájú?"

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ti fi ọ̀rọ̀ lé mi lọ́wọ́. Èmi ni n ó to orúkọ yẹn. Mú bírò."

Dókítà já bírò gbà lápò ara rẹ̀, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀ kan. "Ẹ máa wí, Bàbá mi."

"Àkọ́kọ́, Wadha."

Bírò dúró. "Ràkúnmí ni Wadha, Bàbá."

"Imú ta lẹ ń ṣèwádìí?"

"Tiẹ̀ ni."

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Ìkejì, ọmọ Wadha."

"Kí ni ìyẹn ṣe nínú ìwádìí?"

"Ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin nítorí ẹ̀. Ìwọ ńkọ́?"

"Mákùlúbà mi…"

"Kọ ọ́ sílẹ̀, jàre."

"Bàbá, ìwé yìí ń lọ sí òkè òkun!"

"Wadha kò tíì débẹ̀ rí. Inú rẹ̀ á dùn."

Ohùn Dókítà ti wálẹ̀ pátápátá. "Ẹnì kẹta ńkọ́?"

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí àgádágodo tiẹ̀ ni. Mo ti sọ fún òun náà."

Bàtà gogoro ti ń dún kò-kò-kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Yéè, ó ti ṣíwájú!" Dókítà fa dúrọ́ọ̀ yọ, gbogbo ẹrù inú rẹ̀ dà sílẹ̀, ó ṣa kọ́kọ́rọ́, ó sì fò jáde. Ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan dúró ti Bàbá Dughaym nínú yàrá.

Lẹ́yìn wákàtí kan ó lé díẹ̀, ẹ̀rọ ní imú Wadha mọ́ tónítóní. Ọmọ rẹ̀ ti wà lábẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà, ìrù rẹ̀ ń jù fìrì-fìrì, wàrà ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Dughaym dúró tì wọ́n, omijé sì wà lójú rẹ̀, kò fi pamọ́. Dókítà sáré bá a níbẹ̀, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Bàbá, ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n ìgbà kan náà ni èmi àti Dókítà Rihab ṣí àgádágodo yẹn! Òun náà jẹ́rìí sí i. Ta wá ni ẹnì kẹta?"

Bàbá fọwọ́ pa ọmọ ràkúnmí lẹ́yìn. "Bàbá ọmọ yìí ni. Ó wà nílé. Òun náà ní imú."