Agbá Bíà Tí Kò Gbọdọ̀ Wọ Fírísà

Adégbóyèga gbà pé ohun tí ojú ayé kò bá rí, kò tíì ṣẹlẹ̀. Akọ̀wé ni lọ́fíìsì àwọn òyìnbó kan ní Niamey, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ń pọn bíà nílé rẹ̀ ládùúgbò Yantala, ẹni tó bá pè é ní akọ̀wé ti bú u. Apọntí-dójú-ti-ilé-iṣẹ́, Ọkọ Agbá Dídán! Òun ló fún ara rẹ̀ lóríkì yẹn o. Ìyá tó bí i kò gbọ́ sí i.

Irin tí kì í dípẹtà ni agbá tó ń rọ bíà náà sí. Ó gbé e sórí àpótí láàárín pálọ̀, ó kọjú rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kí àlejò lè kí agbá kó tó kí onílé. Owó epo tó fi ń nù ún lóṣù ju owó gáàsì tó ń mú bíà hó lọ. Ẹni tó bá mọ ìṣirò ti rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ.

Yunus tó ta gáàsì fún un lọ́jà Katako ti kìlọ̀: "Ọ̀gá, ọtí tútù ni gáàsì yìí ń wọ̀. Ẹ gbé agbá sínú fírísà fọ́jọ́ márùn-ún, ẹ dín òtútù rẹ̀ kù kó má dì, kẹ́ ẹ sì ṣí gáàsì níwọ̀nba."

"Nínú fírísà? Ta ló máa rí i níbẹ̀? Ẹja?"

"Gáàsì á rí i."

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ìyàwó rẹ̀, náà sọ ọ́. "Bàbá Bólú, oṣù kẹrin ọdún tí ooru ń mú jù nìyí, àbẹ́là ń yọ́ láìtàn án. Mo ti kó ẹran kúrò nínú fírísà fún yín."

"Ṣé òkú ni, tí n ó fi gbé e sí yàrá òtútù? Oòrùn kì í sá pamọ́ kó tó ràn!"

Bẹ́ẹ̀, Ṣọlá, màdáámù tó ni ilé ọtí ńlá létí odò, ti ṣèlérí láti wá tọ́ bíà náà wò ní Sátidé. Tó bá dùn, agbá mẹ́wàá ni yóò máa gbà lọ́sẹ̀. Adégbóyèga kò dúró gbọ́ bóyá ó dùn. Ọjọ́ Jímọ̀ ló ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó tún pe ogún èèyàn kún un, ó ní kí kálukú mú owó ife dání.

Láàárọ̀ Sátidé, ó tọ́ ọtí wò. Kò ta lẹ́nu rárá. Ló bá yí gáàsì sókè títí abẹ́rẹ́ géèjì fi ń gbọ̀n, ó gbá agbá mọ́yà, ó ń mì ín bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Òógùn bò wọ́n. Agbá ló kọ́kọ́ nù.

Àlejò pé. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu tó bá mu èyí kò ní lè mu bíà ilé iṣẹ́ mọ́!" Ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ ara agbá.

Fùúù! Ìfófó kún ife Ṣọlá. Adégbóyèga dà á nù, ó tún rọ òmíràn: ìfófó. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ta sí bùbá Ọlápàdé tó jókòó níwájú, ó sì ṣàn wọ abẹ́ àga.

"Ẹ pa á! Ẹ pa á!" Ọlápàdé figbe ta. "Ẹ ní ká wá mutí, ẹ ò ní ẹ fẹ́ fọ̀ wá!"

"Ẹ ní sùúrù, ó ń rọ̀!"

Ó rọ̀ lóòótọ́. Ohun tó kù nísàlẹ̀ ife kò tó ìka méjì, kò ta, kò hó. Ṣọlá gbé e mì nítorí pé wọ́n kọ́ ọ nílé.

"Màdáámù, báwo ni?"

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, Bàbá Bólú. Bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun."

Ẹ̀rín gba pálọ̀ kan. Àwọn àlejò dá owó ife padà sápò, wọ́n ń jáde ní méjì-méjì. Adégbóyèga sáré dí ọ̀nà mọ́ Ṣọlá. "Agbá mẹ́wàá tí a sọ ńkọ́?"

Ṣọlá yíjú padà, ó wo agbá náà látòkè délẹ̀.

"Ẹyọ kan yìí ni n ó rà. Ẹ da ohun inú ẹ̀ nù, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Àwọn tó ń fọ abọ́ nílé ọtí mi ò ní ohun tí wọ́n ń pọnmi sí."

Kí Adégbóyèga tó lanu, ìyàwó rẹ̀ ti bọ́ síwájú.

"Èló lẹ máa san, màdáámù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é dáadáa. Ọkọ mi ò níṣẹ́ mọ́."