Sójà Tó Fẹ́ Gbé Ọ̀gá Rẹ̀ Kúrò Lójú Ogun

Ilé-iṣẹ́ méjì ló pawọ́ pọ̀ ṣe fíìmù ogun kan. Èkínní mú Onígbàjámọ̀ wá, ó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, pé òun ni sójà akọni. Èkejì mú Alápatà wá, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, pé òun ni ọ̀gágun tó dákú tí sójà máa gbé sá. Bí Onígbàjámọ̀ ò bá rí i gbé kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ó ti fọ́nnu délé àna. Alápatà dùbúlẹ̀ sínú kòtò, ó dijú.

"Ọ̀gá mi, mo dé!" Onígbàjámọ̀ fa apá rẹ̀. Apá wá, ara ò wá.

"Rọra o, mo ṣì ń lo apá yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ ti dákú!"

"Wọ́n ní kí n dákú, wọn ò ní kí n dákẹ́."

"Ẹ bá mi fẹsẹ̀ tilẹ̀ díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. A ṣáà jọ pawọ́ pọ̀ ṣe é ni."

"Ọwọ́ ni wọ́n pa pọ̀. Ẹsẹ̀ mi ò sí níbẹ̀."

Ìbọn eré dún pàrà-pàrà.

"Ọta!" ni Alápatà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Onígbàjámọ̀ fò dìde, ó di ẹ̀ṣẹ́. "Ọ̀tá dà? Kó jáde wá!"

"Ọta ni mo wí, kì í ṣe ọ̀tá! Ọ̀tá là ń bá jà. Ọta, ńṣe là ń bẹ̀rẹ̀ fún un!"

Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ lójijì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú lé e níkùn gbì.

"Yéè! Ọta ò pa mí, ìwọ lo fẹ́ pa mí!"

"Ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n, èéfín tí wọ́n ṣe yìí mà dára o."

Alápatà lajú. "Èyí kì í ṣe ti eré. Koríko ti gbiná!"

Onígbàjámọ̀ fẹ́ dìde, kò lè dìde. "Ọrùn ẹsẹ̀ mi ti rọ́! Ẹ máa sá lọ, ẹ fi mí sílẹ̀!"

Alápatà bẹ́ dìde. Ó gbé e kọ́ èjìká bí itan màlúù, ó sì ki eré mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì jí o!"

"Panu dé, jẹ́ n ráyè mí!"

Ó sọ ọ́ kalẹ̀ létí ọ̀nà. Àwọn òṣìṣẹ́ sáré gbé omi lọ, wọ́n pa iná. Olùdarí eré nahùn lókèèrè.

"Kí ló wí?" ni Alápatà bi Onígbàjámọ̀.

"Ó ní iná ti kú. Kí ẹ padà sí kòtò lọ dákú."

Alápatà jókòó, ó nu òógùn ojú. "Sọ fún un pé mo ti dákú tèmi. Ìwọ ló kàn."