Bàbá Ruth Kò Rẹ́rìn-ín

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Bàbá Ruth jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sabon Gari, ní Kánò, níbi tó ti ń tún máṣínnì ìránṣọ ṣe láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nínú ìjọ Aládùúrà tó ń lọ, kò sẹ́ni tó lè búra pé òun ti rí eyín rẹ̀ rí. Aaron Adéwùmí wọlé. Òun ni ìjọ kan náà máa ń gbé makirofóònù fún bí wọ́n bá fẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, ó ń rìn bí ẹni tó kó ẹyin sápò.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ruth. Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Káàárọ̀, Aaron. Jókòó."

"Mi ò ní jókòó, sà. Ìdúró tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ó dáa. Dúró."

Aaron fara ti ògiri.

"Wọ́n rán mi sí yín ni, sà. Ìyá Ìjọ àti ìgbìmọ̀ àdúrà. Lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìsinmi."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi?"

"Ẹ ò rẹ́rìn-ín."

"Òótọ́ ni."

"Gbogbo ìjọ ló rẹ́rìn-ín, sà. Wòlíì rẹ́rìn-ín títí awò ojú wọn fi já bọ́. Ìyá Ọpẹ́ tó ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin nìkan lẹ jókòó bí àpótí ìbò."

"Báwo ni àpótí ìbò ṣe ń jókòó?"

"Àfiwé ni, sà."

"Ó dáa."

"Wọ́n ti kọ orúkọ yín sínú ìwé àdúrà. Wọ́n ní ẹ̀mí ìbànújẹ́ ló ń dà yín láàmú. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ gbà sí i."

"Ta ni yóò gba ààwẹ̀ náà?"

"Àwọn ni."

"Sọ fún wọn kí wọ́n jẹun. Inú mi ò bà jẹ́. Mo jẹ àkàrà kòsé méje láàárọ̀ yìí, mo fi kunu tì í. Mo sun oorun wákàtí mẹ́jọ. Èmi àti Ìyá Ruth ò tíì jà láti oṣù Òkúdù."

"Kí lẹ jà sí ní oṣù Òkúdù?"

"Ó ní mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní rárá, oòrùn ló wọ̀ mí lójú."

Aaron fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó dá a dúró, ó fọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Kí ló wá ń múnú yín dùn, sà?"

"Bí máṣínnì bá yadi, tí mo sì mú un sọ̀rọ̀, inú mi máa ń dùn."

"Báwo la ṣe máa mọ̀?"

"Kí lẹ fẹ́ mọ̀ ọ́n fún? Inú mi ló wà."

Bàbá Ruth mú agolo òróró, ó ń kán an sínú máṣínnì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Sà, wọ́n ní kí n kọ́ yín ní ẹ̀fẹ̀. Ẹyọ kan péré. Ẹ gbọ́. Ọkùnrin kan lọ bá dókítà. Ó ní, 'Dókítà, inú ń run mí.' Dókítà ní, 'Kí lo jẹ?' Ọkùnrin náà ní, 'Oyè.'"

Aaron dúró de ẹ̀rín. Òróró kán lẹ́ẹ̀mẹta.

"Oyè wo?"

"Sà?"

"Oyè wo ló jẹ?"

"Kò kan oyè náà, sà. Jíjẹ yẹn lẹ̀fẹ̀ ibẹ̀. Èèyàn ń jẹ oúnjẹ, èèyàn ń jẹ oyè."

"Mo ti gbọ́ ìyẹn. Dókítà yẹn ò mọṣẹ́."

"Dókítà kẹ̀?"

"Kò yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ohun tó jẹ. Ibi tó ń dùn ún ló yẹ kó bi í. Apá ibo ló ń dun ọkùnrin náà?"

Aaron fọwọ́ lé ikùn.

"Apá ọ̀tún, sà. Nísàlẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ Sátidé. Ìdodo ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀."

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Bó bá jẹ ẹ́, yóò bì í."

"Ṣé ó lè jókòó?"

"Ìdúró tẹ́ ẹ lọ́rùn."

"Ẹni ọdún mélòó ni?"

"Méjìdínláàádọ́ta."

"Ìwọ ńkọ́, Aaron? Ẹni ọdún mélòó ni ìwọ?"

"Méjìdínláàádọ́ta, sà."

Bàbá Ruth gbé agolo òróró sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Mo sọ fún ìyàwó mi. Mo ní, 'Ìyá Virtue, ó dà bíi pé mo fẹ́ kú.' Ó ní kí n kọ́kọ́ pọn omi. Mo pe Wòlíì lórí fóònù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, sà. Wọ́n ní kí n tọ́jú ìyẹn di ọjọ́ ìkórè."

"Lọ́jọ́ Ìsinmi ńkọ́?"

"Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ń ka ìfilọ̀ lọ́wọ́ ló gún mi. Mo di inú mú, mo ṣubú síwájú pẹpẹ. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Àwọn akọrin ní kí n tún un ṣe."

"Ìyẹn ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí?"

"Ìyẹn ni, sà."

"Mo rí ọ nígbà tí o ṣubú."

"Kí lẹ rí?"

"Òógùn bò ọ́, bẹ́ẹ̀ abẹ́ fáànù lo wà. Ètè rẹ ti funfun. Mo wá ọ lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní o ti lọ."

"Kí lẹ fẹ́ bá mi sọ?"

"Mo fẹ́ bi ọ́ bóyá ara rẹ yá."

Aaron wo ilẹ̀.

"Díákónì Àìná ni wọ́n fẹ́ rán sí yín. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rán mi. Mo fẹ́ mọ ìdí tí ẹ ò fi rẹ́rìn-ín."

"Kò sóhun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, sà."

Bàbá Ruth dìde, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́.

"Ọsibítù là ń lọ."

"Bí wọ́n bá tún rẹ́rìn-ín ńkọ́, sà? Bí ẹ̀rù bá ti ń bà mí báyìí, àwàdà ló ń jáde lẹ́nu mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dá a dúró."

"Èmi ni màá sọ ọ́. Ìwọ ṣáà máa mí."

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ márúwá tí wọ́n ń pè ní adaidaita ní Kánò. Bó bá ti kó sí kòtò, Aaron á ké, awakọ̀ á sì rẹ́rìn-ín. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Bàbá Ruth tẹ awakọ̀ léjìká. Awakọ̀ yíjú padà, ó rí ojú Bàbá Ruth, ó sì ń rọra wà á títí wọ́n fi débẹ̀.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan béèrè ohun tó ń ṣe Aaron. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Tarauni ni, Olúfúnlọ́lá lorúkọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń ṣe yín?"

"Àyálégbé kan wà nínú mi," ni Aaron wí. "Kò fẹ́ jáde, ó sì ń fọ́ ògiri."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín.

"Nọ́ọ̀sì," ni Bàbá Ruth wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ló ń dùn ún, láti ọjọ́ Sátidé. Ó ń bì. Kò lè jókòó. Ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ rí ibà."

Nọ́ọ̀sì wò ó lójú. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fọwọ́ kan iwájú orí Aaron, ó sì sáré lọ pe dókítà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti gbé Aaron wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìfun kékeré tó so mọ́ ìfun ńlá, tí wọ́n ń pè ní àpẹ́ńdíìsì, ló ti wú. Dókítà ní ká ní ó di ọjọ́ kejì ni, ì bá ti bẹ́ sí i nínú.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Aaron dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, okùn iṣẹ́ abẹ sì wà ní ikùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Olúfúnlọ́lá ti pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, kí ojú ọgbẹ́ má bàa já. Àwọn ará ìjọ wá kí i, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rí i ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín kó tó lanu, torí náà nọ́ọ̀sì dá gbogbo wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Ruth nìkan ló gbà láyè. Ó jókòó sórí àga, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún.

"Ẹ ṣeun, sà."

"Kò tọ́pẹ́."

"Ìyàwó mi sunkún lánàá. Ó ní òun ò tún ní fi ọ̀rọ̀ mi rẹ́rìn-ín mọ́ láyé."

"Kò dáa bẹ́ẹ̀. Kó máa rẹ́rìn-ín. Kó ṣáà kọ́kọ́ máa wo ojú rẹ ná."

Aaron kọjú sí i.

"Bàbá Ruth, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ayé ò sú yín báyìí, láìsí ẹ̀rín?"

"Ṣé o mọ kàkàkí fọn?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ayé sú ọ?"

"Rárá, sà."

"Bó ṣe rí nìyẹn."

"Ẹ ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín rí?"

"Mo ti rẹ́rìn-ín rí. Ọjọ́ tí wọ́n bí Ruth."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Agbẹ̀bí sáré lọ pe dókítà."

Aaron di ikùn mú. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Má rẹ́rìn-ín, Aaron."

"Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́, sà."

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo sọ. Ìyá Ruth tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì òun."

Aaron ki ìrọ̀rí bọ ẹnu. Omijé ń dà lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ń mì. Nọ́ọ̀sì Olúfúnlọ́lá já wọlé, ó wo ojú ọgbẹ́, ó sì kọjú sí Bàbá Ruth.

"Bàbá, don Allah, ẹ máa lọ sílé. Àwàdà yín ti pọ̀ jù."

Bàbá Ruth dìde. Ó dé fìlà rẹ̀, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìyẹn sínú ìwé, kí ẹ sì lù ú ní òǹtẹ̀. Ìyá Ruth ò ní gbà mí gbọ́."