Bí Bàbá Ṣóyẹmí Ṣe Ru Bátìrì Nílùú Àna

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé? Ẹ ó ní torí oúnjẹ ni. Oúnjẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bátìrì ọkọ̀ ojú omi ló dá a sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé òwe yìí ti wà kí bátìrì tó dáyé. Ṣé ó ṣojú yín ni?

Bàbá Ṣóyẹmí ará Òkè-Ọ̀sà ni mo ń wí. Ọkùnrin náà kì í ṣẹ́ nǹkan kù. Bó bá mu ẹ̀kọ, á fi ìka nu inú ife. Bó bá ń sọ̀rọ̀, kì í ku nǹkan kan tí ẹlòmíì lè rí sọ. Nígbà tó ra ọkọ̀ ojú omi tuntun, bátìrì méjì ni rewáyà tó ń ṣe iná ọkọ̀ gbé sínú rẹ̀.

Rewáyà ní, "Bàbá, òókan yìí ló ń jí ẹ́ńjìnì. Èèjì ni ti fáànù, iná àti rédíò. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ yí bọ́tìnnì yìí sí méjèèjì, á máa ṣáájì wọn pọ̀. Bí ẹ bá ti pa á, ẹ yí i sí èèjì nìkan. Ẹ má fọwọ́ kan òókan o. Òun ló máa gbé yín délé."

Bàbá ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ó ní irú ìwà ahun wo nìyẹn, kéèyàn ní méjì kó máa lo ẹyọ kan?

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọ rẹ̀, Kọ̀yà, ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Bàbá àti Ìyá Kọ̀yà wọ ọkọ̀, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Ọdúnlámì ní Ẹbúté Alápó, láti tọrọ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Bàbá Ọdúnlámì jẹ́ fún yín. Ó ti lé ìdílé kan padà rí, torí pé wọ́n wá tọrọ ọmọ nígbà òjò láìmú agboòrùn. Ó ní ẹni tí kò ro ti òjò, ṣé ti ọmọ òun ló máa rò?

Bàbá Ṣóyẹmí gúnlẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnì, ó fi bọ́tìnnì sílẹ̀ lórí méjèèjì. Ó tan fáànù. Ó tan iná lọ́sàn-án gangan. Rédíò ń ké débi pé àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí omi bẹ̀rẹ̀ sí í mi èjìká.

Ìyá Kọ̀yà bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bàbá Kọ̀yà, rewáyà ní kẹ́ ẹ yí nǹkan yẹn."

"Kí n yí i, kí fáànù wá máa yí bí arúgbó? Ṣé o fẹ́ dójú tì mí lójú àna ni?"

Wọ́n wọlé, wọ́n kíra, wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ sí wọn níwájú nínú igbá ńlá, ẹja òbọ̀kún kún un. Ní Ẹbúté Alápó, ohun tí àlejò bá ṣẹ́ kù, ti àwọn géńdé tó ń ru ẹrù lébùúté ni. Wọ́n ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo igbá. Ìyá Kọ̀yà tẹ ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bàbá Ṣóyẹmí fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì jẹun títí ìdí igbá fi ń dán. Àwọn géńdé dìde, wọ́n gbọn ṣòkòtò, wọ́n bá tiwọn lọ. Bàbá Ọdúnlámì rí gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ilé àna sìn wọ́n dé etí omi, Bàbá gun ọkọ̀, ó ní, "Àna mi, ẹ tẹ́tí gbọ́ ẹ́ńjìnì!"

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì ní "kẹ́." Ó tún un yí. Kò tiẹ̀ ní "kẹ́" mọ́. Fáànù dúró. Rédíò, tó ń ka ìròyìn lọ́wọ́, fa ohùn nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Bàbá Ọdúnlámì ní, "Ẹ lo ìkejì. Ẹ ṣebí ẹ ní méjì ni."

"Mo ti... mo ti lo méjèèjì."

"Kí lẹ fi ṣe?"

Bàbá na ìka sí fáànù.

"Àjẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti fi dáná."

Ojú ti Bàbá Ṣóyẹmí. Ó tì í débi tó fi ń wo omi bóyá ó jìn tó èèyàn í wọ̀.

Ìpẹ̀kun ìlú ni wọ́n ti ń ṣáájì bátìrì. Bàbá ké sí àwọn géńdé pé kí wọ́n bá òun gbé e. Ọ̀kan nínú wọn, Wákílù, ní, "Bàbá, ebi ń pa wá, a ò lè gbẹ́rù." Ó wá fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ gbé igbá ìkọ́kọrẹ́ wá. "Ẹ gbé e sínú èyí, kí omi rẹ̀ má baà ta sí yín lára. Ó ṣe tán, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

Báyìí ni bàbá ọkọ ìyàwó ṣe ru bátìrì nínú igbá, tó gba àárín ìlú kọjá. Obìnrin ẹlẹ́ja kan ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá! Ṣé ẹrù ìyàwó nìyẹn?" Bàbá fẹ́ dáhùn, omi bátìrì ya gba etí igbá, ó ta sí ẹ̀yìn agbádá àti ṣòkòtò. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ìyá Kọ̀yà tú gèlè rẹ̀, ó ń fi bo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yéé kùn.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, Bàbá bẹ obìnrin tó ń ṣáájì pé kó fi iná tó pọ̀ sí i, kó tètè kún.

Obìnrin náà ní, "Kó hó, kó bú gbàmù lójú mi? Díẹ̀díẹ̀ ni, nínú afẹ́fẹ́. Ẹ lọ gbé ìkejì wá, kẹ́ ẹ padà lọ́la."

Ilé àna ni wọ́n sùn. Ní àárọ̀, lẹ́yìn tí Bàbá ti ru méjèèjì padà sínú ọkọ̀, Bàbá Ọdúnlámì dá a dúró létí omi.

"Àna mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Kọ̀yà, ta ló fìwà jọ?"

Bàbá Ṣóyẹmí mọ̀ pé ìdáhùn òun ló máa jẹ́ kí ọmọ òun rí ìyàwó tàbí kó má rí. Gbogbo ìlú ń wò ó. Ó wolẹ̀.

"Ìyá rẹ̀ ni. Kò fìwà jọ mí rárá."

"A dúpẹ́. A ti fún un." Bàbá Ọdúnlámì wá nawọ́ igbá sí i. "Ẹ máa mú èyí lọ. Omi bátìrì ti jẹ ẹ́, ó ti ń jò, a ò lè bu oúnjẹ sí i mọ́. Tiyín ni."

Báyìí ni wọ́n ṣe gúnlẹ̀ sí Òkè-Ọ̀sà. Ọwọ́ méjèèjì ni Ìyá Kọ̀yà fi di gèlè mú lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, Bàbá sì ń fi tirẹ̀ di ṣòkòtò tó ti já mú, kò sí ibi tí igbá lè wà àfi orí Bàbá. Àwọn àgbà tó wá kí wọn káàbọ̀ bi Ìyá Kọ̀yà pé kí ló dé. Ó sọ fún wọn, kò ṣẹ́ ọ̀rọ̀ kankan kù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wọ́n. Nígbà tí ẹ̀rín tó jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n sọ ni pé: àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.