Ọjọ́ Tí Ìdí Mọ́tò Mi Ga Ju Orí Rẹ̀ Lọ

Ọjọ́ tí mo fi mọ́tò mi gbé àwọn àna mi lọ sí Ayétòrò, bí mo bá pẹ́ láyé títí mi ò fi rí eyín jẹran mọ́, kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì parí ìkẹfà. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Ìlaròó, bí wọ́n bá ń ka àwọn tó mọ mọ́tò wà, tí wọ́n kà dé ẹnì kejì láì tíì dárúkọ mi, ìlara ni wọ́n ń ṣe. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́.

Fúnmi ọmọ mi ló mú ọkọ wálé. Bàbá ọmọkùnrin náà jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ní Ayétòrò, ẹni jẹ́jẹ́, tó máa ń ro ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ti gbọ́ pé ẹnu mi pọ̀. Ó ní òun àti ìyàwó òun yóò wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé, kí àwọn fojú ara àwọn rí irú ilé tí ọmọ àwọn ti fẹ́ gbé ìyàwó, lẹ́yìn náà ni àwọn yóò sọ bóyá àwọn gbà. Ọkọ̀ èrò ni wọ́n máa wọ̀ wá. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni n óò gbé wọn padà sílé. Mo fẹ́ kí wọ́n jókòó sínú mọ́tò mi, kí ojú wọn là.

Mọ́tò náà ti dàgbà, òótọ́ ni. Ó rẹlẹ̀ débi pé ikùn rẹ̀ máa ń ha ilẹ̀ lójú ọ̀nà Ayétòrò. Mo wá rò ó pé bí táyà bá tóbi, mọ́tò á ga, kò ní sí ihò tó máa bà mí lẹ́rù mọ́. Mo lọ sí Ẹ̀gùá, lẹ́bàá bọ́dà, mo ra táyà jíìpù méjì tí wọ́n ti lò nílùú òyìnbó lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kó wọn bọ̀ láti Kùtọnu. Ó bi mí ní nọ́ńbà táyà mi. Mo ní ojú ni èmi fi ń wọn táyà. Ó fi Faransé sọ nǹkan kan, mo sì mi orí bí ẹni tó gbọ́. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó yìn mí ni àbí ó bú mi.

Ràṣídì, fọganáísà tó wà nítòsí ilé mi, ló bá mi fi wọ́n sí i. Ó gbé tuntun àti ti tẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tóbi jù. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ wá wo ti èyí."

"Ràṣídì, ìgbà wo lo di tíṣà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni mo ń sọ."

"Ṣé ó wọ ríìmù àbí kò wọ̀ ọ́?"

"Ó wọ̀ ọ́."

"Ó tán."

Iwájú la kọ́kọ́ fi wọ́n sí. Bí mo ṣe yí sìtíárìn báyìí, táyà lọ há mọ́ fẹ́ńdà, mọ́tò ò lọ sọ́tùn-ún, kò lọ sósì. Ẹlòmíràn á ti dá a padà níbẹ̀. Èmi ní kó kó méjèèjì sẹ́yìn. Wọ́n wọlé, ó ku bí ìka kan kí wọ́n kan fẹ́ńdà. Nígbà tí Ràṣídì sọ jáàkì kalẹ̀, ìdí mọ́tò mi wà lókè, imú rẹ̀ ń wolẹ̀, bí àgbò tó fẹ́ kàn. Ẹ̀rín ń gbọ́n Ràṣídì, ó fi ikọ́ bò ó. Ó ní kí a ṣáà ju táyà ti tẹ́lẹ̀ sínú bùútù. Mo gbà, kó lè dákẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn àlejò wá, wọ́n jẹun, wọ́n ṣàdúrà. Bàbá ń wo gbogbo ilé yíká, kò sọ bẹ́ẹ̀ni, kò sọ bẹ́ẹ̀kọ́. Nígbà tí a fẹ́ lọ, Fúnmi tẹ̀ lé mi dé ìdí mọ́tò.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré. Ẹ má sì sọ̀rọ̀ púpọ̀."

"Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì?"

"Ẹ mú méjèèjì, sà."

Bàbá jókòó síwájú pẹ̀lú mi, Màmá wà lẹ́yìn. Nítorí pé mọ́tò ṣe gẹ̀rẹ́ síwájú, Màmá ń yọ̀ bọ̀ wá bá wa díẹ̀díẹ̀, á fọwọ́ ti ara rẹ̀ padà, á tún yọ̀ bọ̀. Ihò àkọ́kọ́ tí a bọ́ sí, ariwo kan ta gìrììì lábẹ́ ìjókòó rẹ̀.

"Bàbá Fúnmi, kí ló ń lọ ata lábẹ́ mi?"

"Táyà tuntun ni, Màmá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe kí ara rẹ̀ tó balẹ̀."

Kò pẹ́, òórùn rọ́bà tó ń jó gba inú mọ́tò. Màmá ní, "Ó ti lọ̀ ọ́ tán, ó ti gbé e kaná." Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Bí a bá dé kọ́nà, ìdí mọ́tò á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bíi pé ó fẹ́ gba iwájú lọ́wọ́ orí. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di nǹkan tó wà lókè ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ rọra, Bàbá Fúnmi. Eré yìí pọ̀."

"Bàbá, ẹ wo mítà. Ọgọ́rin péré ni."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago ọwọ́ rẹ̀ àti àwọn òkúta kìlómítà tó wà létí ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó ní, "Mo ti wo òkúta mẹ́ta. Ẹ ti kọjá àádọ́rùn-ún."

"Á jẹ́ pé aago yín ló ń sáré, Bàbá."

Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò ni mo sọ ọ́ fún. Ó tún wo aago rẹ̀, ó wo ojú mi. Wíwò yẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

A kọjá Ìgbógìlà, a bá àwọn aṣọ́bodè tí wọ́n gbé igi dí ọ̀nà. Ọ̀gá wọn rí mọ́tò mi lókèèrè, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ bọ̀ wá bá. Ní ẹkùn wa níbí, àwọn onífàyàwọ́ tó ń kó ìrẹsì máa ń gbé ìdí mọ́tò sókè, kí ó má baà tẹ̀ bí ẹrù bá wọ̀ ọ́. Mọ́tò tí ìdí rẹ̀ wà lókè láìsí ẹrù, ọ̀dọ̀ ìrẹsì ló ń lọ, tàbí ibẹ̀ ló ti ń bọ̀. Mo mọ èyí bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ó kàn jẹ́ pé mi ò rántí ni.

"Bàbá, ibo lẹ já ìrẹsì sí?" ó bi mí.

"Ìrẹsì wo, ọ̀gá? Àwọn àna mi ni mo gbé."

"Ẹ ṣí bùútù."

Ó bá táyà méjì níbẹ̀. Ó ní, "Ńlá nílẹ̀, kékeré nínú bùútù. Ẹ mọ iṣẹ́ yìí gan-an." Wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀kalẹ̀. Màmá dúró létí igbó nínú léèsì rẹ̀, wọ́n ń tú ìjókòó tó dìde lórí rẹ̀. Ẹnu mi tó pọ̀, ó gbẹ. Mo ń rí ojú Fúnmi lọ́kàn mi.

Ọ̀gá náà wá kọjú sí Bàbá. "Bàbá, kí ni ọkùnrin yìí jẹ́ sí yín?"

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka nọ́ńbà ara táyà iwájú, ó rìn lọ ka ti ẹ̀yìn.

Ó ní, "Àna mi ni. Ọmọ mi ló fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe onífàyàwọ́, ọ̀gá. Onífàyàwọ́ á mọ nọ́ńbà táyà tó ń lò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí igbó fi ń dáhùn. Wọ́n ní kí n lọ, bí mo bá lè pààrọ̀ táyà níbẹ̀. Mo ká agbádá mi sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo kúnlẹ̀ nínú oòrùn, Bàbá dúró lé mi lórí.

"Mítà kò rí ojú ọ̀nà. Iye ìgbà tí táyà tó ń ti mọ́tò bá yí ló ń kà. Bí táyà ńlá bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ jìnnà ju kékeré lọ. Nítorí náà, mítà ń pe díẹ̀, ẹ̀yin sì ń lọ púpọ̀. Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé mi, sà."

"Ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ, lójú àwọn aṣọ́bodè.

Láti ibẹ̀ dé Ayétòrò, mi ò la ẹnu. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, Bàbá ní kí n sọ fún Fúnmi pé àwọn gbà. Ó ní Màmá ní ẹni tó lè dákẹ́ tó báyẹn ṣeé bá ṣe àna.

Láti ọjọ́ náà, mi ò fi ojú wọn táyà mọ́. Nọ́ńbà tó wà lára ti tẹ́lẹ̀ ni mo máa ń kà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń ní kí Ràṣídì bá mi kà á lẹ́ẹ̀kejì. Fúnmi ti bímọ báyìí. Bí mo bá lọ kí wọn ní Ayétòrò, Màmá á kọ́kọ́ rìn yí mọ́tò mi ká, á bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, kó tó ní kí n wọlé. Èmi náà á fara ti ògiri, n óò máa fi ara mi rẹ́rìn-ín títí yóò fi wò ó tán.