Mo Fi Rélùwéè Wọn Ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, ọjọ́ tí mo lọ pàdé ọkọ mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Ayé epo rọ̀bì ni nígbà náà, owó wà níta, ẹni tó bá ti lè ka ABD ti ń lọ Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ mi náà lọ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi dá gbé yàrá kan ní Òkòtà, tí mo ń bá ògiri jiyàn. Ògiri ọ̀hún ò fèsì rí, ó kúkú sàn ju ìyá ọkọ mi lọ.

Àlùbọ́sà ni mo ń tà ní Òṣòdì. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ti wá bá mi: "Ìyàwó wa, lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ọkọ ẹ á wọ bàálù, ó ń bọ̀ wá wò ẹ́ o!"

Mo jókòó, mo ṣírò. Rélùwéè tó ń gbé mi lọ ra ọjà ní Kánò, oorun méjì ni mo máa ń sùn nínú rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù tó wá wà lẹ́yìn Kánò, lẹ́yìn aṣálẹ̀, lẹ́yìn òkun ńkọ́? Bó yá tán, á gbà á lọ́sẹ̀ kan! Mo fi kọ́kọ́rọ́ sọ́dọ̀ aládùúgbò mi, Ìyá Báyọ̀, mo bá wọ rélùwéè lọ Kánò, kí ọjà lè wà nílẹ̀, kí n ráyè jókòó ti ọkọ mi.

Ọ̀sẹ̀ kan pé, mo sọ̀ ní Òṣòdì. N ò tilẹ̀ délé, mo gba pápákọ̀ lọ tààrà, eruku Kánò lára, òórùn àlùbọ́sà ń ṣáájú mi. Àwọn ìyàwó tó wá pàdé ọkọ tiwọn fi lọ́fínńdà kún ibẹ̀, wọ́n ń sún kúrò lọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ọkùnrin tó wọ kóòtù ni mo ń yọjú wò. Ọ̀kan tilẹ̀ gbá àpò rẹ̀ mú.

Nígbà tó di ọ̀sán, mo bi òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀: "Ọ̀gá mi, bàálù Lọ́ńdọ̀nù tó gbéra lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ṣé ó ti ń sún mọ́lé?"

Ó wò mí. "Ajé tó kọjá kẹ̀? Àǹtí, ọ̀nà yẹn lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta máìlì lóòótọ́, àmọ́ wákàtí mẹ́fà péré ni."

"Wákàtí mẹ́fà? Ṣé Ìlọrin lẹ rò pé mo pè ni?"

Mo sáré délé. Ìyá Báyọ̀ ká ọwọ́ lórí. "Ìwọ rèé! Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọkọ ẹ ti dé! Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ló gbà. Ojoojúmọ́ ló ń lọ wò ẹ́ ní ibùdókọ̀ rélùwéè Òṣòdì. Ó ti lọ sí pápákọ̀ láàárọ̀ yìí, ó ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù."

"Pápákọ̀ wo? Ṣebí ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀!"

Ẹnu ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ ni mo dúró sí. Ẹnu ọ̀nà àwọn tó ń lọ lòun gbà.

"Ó ní kí o tó jẹun alẹ́," Ìyá Báyọ̀ rọra sọ, "òun á ti dé ọ̀hún."

Látìgbà yẹn, bí wọ́n bá ní ẹnì kan ń bọ̀, mo máa ń béèrè irú ọkọ̀ tó ń wọ̀ bọ̀ àti ìgbà tó máa dé, wọn ì báà pè mí ní púrúǹtù. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo wọlé, mo rí i pé apá kan bẹ́ẹ̀dì ni ọkọ mi sùn sí fún gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ó fi apá tèmi sílẹ̀ dè mí. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ni Ìyá Báyọ̀ gbọ́ tó fi kanlẹ̀kùn, tó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má sunkún mọ́.