Ọkọ̀ Tí Ìyá Ìyàwó Mi Sọ Lórúkọ

Ọjọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé, ọjọ́ tí èmi àti ìyá ìyàwó mi ń gbé omi ìkómọ lọ sí Ofẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù, kí ẹ má baà fi mí ṣẹ̀sín ju bó ti yẹ lọ. Nígbà kan rí, mo ṣí ọmọrí ràdíátọ̀ ọkọ̀ nígbà tó ń hó lọ́wọ́. Omi gbígbóná fò jáde, ó bó mi láti ọrùn dé ìgbọ̀nwọ́. Ọlọ́run ló yọ mí. Láti ìgbà náà, bí ìyàwó mi bá gbé omi ka iná, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo ti ń kí i.

Àbúrò ìyàwó mi ló bímọ sí Ofẹ̀. Ìyàwó mi ti ṣáájú lọ, ó wá ku èmi àti Ìyá, pẹ̀lú bàṣé mi, ọkọ̀ tó lẹ́yìn gbangba tí mo fi ń kó iṣu. Nínú ìdílé tiwọn, omi kànga ilé wọn ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọmọ lórúkọ, oòrùn ò sì gbọdọ̀ kanrí kí wọ́n tó ṣe é. Ìyá rọ omi náà sínú bídọ̀n kékeré kan, wọ́n gbé e lé itan bí ẹni pé ọmọ ọ̀hún gan-an ni.

A ò tíì rìn jìnnà tí abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ dúró sí òdìkejì ọ̀nà. Nígbà tó rọ̀, mo fi aṣọ di ọwọ́, mo kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ṣí ọmọrí náà, mo bu omi sí i láti inú bídọ̀n ńlá tí mo máa ń gbé kiri. Díẹ̀ ló wọlé, ìyókù kún, ó ṣàn sílẹ̀. Ẹni tó gbọ́n ì bá ti mọ̀ pé òùngbẹ kọ́ ló ń gbẹ ọkọ̀ yìí. Èmi ṣáà ń bu omi fún un.

A tún lọ díẹ̀, abẹ́rẹ́ tún gòkè. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é títí bídọ̀n ńlá fi gbẹ, bí mo bá sì bojú wẹ̀yìn, òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ṣì ń wò wá.

"Àna mi," ni Ìyá wí, "ṣé ọkọ̀ yìí ló ń gbé wa lọ ni, àbí àwa là ń sìn ín lọ?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ̀rù omi gbígbóná ló ń bà mí."

"Ẹ̀rù tèmi ńkọ́, bí oòrùn bá kanrí tí ọmọ-ọmọ mi ò tíì lórúkọ?"

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí ohun tó ń lé mi kiri. Kí n tó lanu, wọ́n ti fọwọ́ kan rọ́bà ńlá tó wà lókè ràdíátọ̀, wọ́n sì fà á padà kíá. Wọ́n fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀.

"Eléyìí tutù bí imú ajá. Irú ìkòkò wo ló ń hó lókè tí ìdí rẹ̀ ò gbóná?"

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ mẹkaníìkì mi tó padà sọ́kàn mi. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ràdíátọ̀, tẹ́mọsítà ni wọ́n ń pè é. Bí omi ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ilẹ̀kùn yìí á ṣí fúnra rẹ̀, kí omi lè kọjá sínú ràdíátọ̀ lọ tutù. Bó bá há ní títì, rọ́bà òkè á gbóná, ti ìsàlẹ̀ á tutù. Ó ti ní kí n máa fọwọ́ kàn án wò. Èmi tí mo ń kí omi láti ẹnu ọ̀nà.

Mo dúró títí ẹ́ńjìnnì fi rọ̀ dáadáa, mo mú sípánà, mo tú ilé tẹ́mọsítà náà. Bó ti ṣí báyìí, omi dà sórí orúnkún mi. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lásán ni, irú èyí tí à ń fi wẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n mo ti ké, mo sì ti bára mi láàárín igbó. Ìyá di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Mo yọ ilẹ̀kùn kékeré tó há náà, ìpẹtà ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Mo dé ilé rẹ̀ padà láìfi í sí i, kí omi lè máa kọjá, kí ọkọ̀ sì gbé wa dé Ofẹ̀. Ó wá ku omi. Kò sí odò, kò sí ẹni tó ń kọjá. Omi ìkómọ nìkan ló kù láyé. Mo kàn ń wo bídọ̀n kékeré náà, Ìyá sì ń wò mí bí mo ṣe ń wò ó.

"Yéé wò ó mọ́," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Báwo ni ahọ́n ọmọ tuntun ṣe tóbi tó? Ife kan tó o."

Wọ́n bu ife kan sọ́tọ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Ìyókù, wọn ò gbé e fún mi. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń rọra dà á sínú ràdíátọ̀, tí wọ́n ń ṣàdúrà: "Omi kì í lọ́tàá. Ìwọ ọkọ̀ tó ń kú tó ń jí lójú ọ̀nà, àbíkú ni ọ́. Mo sọ ọ́ ní Kòkúmọ́. Àna mi, ṣàmín."

"Àmín, Màmá."

Abẹ́rẹ́ ò gòkè mọ́ títí a fi dé Ofẹ̀. Ihò ojú ọ̀nà nìkan ló kù tó ń bá wa jà, nítorí ife ọwọ́ Ìyá. Oòrùn kù díẹ̀ kó kanrí nígbà tí omi náà kan ahọ́n ọmọ. Kí ọmọ tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ tán, Ìyá ti ròyìn igbó tí mo bẹ́ sí fún gbogbo agbo.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: bí ọkọ̀ bá ń gbóná, ẹ má kàn máa bu omi. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan rọ́bà òkè àti ti ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn tẹ́mọsítà ló há. Èmi náà ń fọwọ́ kàn án báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ọwọ́ ni, tí mo sì ń di ojú.

Mo ti ra tẹ́mọsítà tuntun fún Kòkúmọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé Ofẹ̀, ọmọ náà, tó ti ń rìn, á sáré wá dọ̀bálẹ̀ níwájú ọkọ̀ kó tó kí mi. Ìyá ló kọ́ ọ. Wọ́n ní ọkọ̀ ló kọ́kọ́ gba orúkọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun ni ẹ̀gbọ́n. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń dúró kí wọ́n kíra wọn tán.